Má Fi Ìbọn Sí Bàbá Àgbà Lọ́wọ́

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ṣágámù ni mò ń gbé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí. Bàbá tó bí bàbá mi lọ sí ogun Bọ́mà, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọn ò fún wọn níbọn, ẹrù ni wọ́n ń rù. Ibà dá wọn dúró lójú ọ̀nà, ẹgbẹ́ wọn lọ, obìnrin kan ní abúlé kan sì fi wọ́n pamọ́ sínú àká ìrẹsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọdún 1946 ni wọ́n padà délé. Kí wọ́n tó kú, wọ́n sọ ìtàn náà sínú kásẹ́ẹ̀tì mẹ́fà. Nínú ìkẹrin, wọ́n pe orúkọ obìnrin náà, àmọ́ a ò gbọ́ ọ yéké. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ṣe é ní fíìmù. Àbúrò bàbá mi tó fẹ́ gbé owó kalẹ̀ ní kò sẹ́ni tó máa wo fíìmù ṣọ́jà tí kò yìnbọn, pé ká jẹ́ kí bàbá pa àwọn ará Jàpáànù díẹ̀, pé ọmọ Rẹ́mọ kì í ṣojo. Mo sì ti wo fíìmù The Pianist lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin inú rẹ̀ ò yìnbọn rárá, síbẹ̀ mo sunkún. Sà, báwo ni kí a ṣe é? Ibo ni àfikún ti ń di irọ́?"

Ọmọ mi, alẹ́ àná ni mo ka ìwé rẹ, n ò sì tètè rí oorun sùn. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ ìwé eré fún àwọn tó ń ṣe fíìmù, láti Ìjẹ̀bú-Òde níbí, mo sì ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ìdílé tó fẹ́ sọ ìgbésí ayé bàbá tàbí ìyá wọn di sinimá. Ohun tí àbúrò bàbá rẹ sọ yẹn, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Èmi náà ti sọ ọ́ rí. N ó padà sórí ìyẹn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo fẹsẹ̀ tì. Ẹni tó bá yè bọ́ lójú ogun, ọwọ́ ẹlòmíràn ló gbé e kọjá: ọwọ́ tó fà á jáde láàárín èrò, ọwọ́ tó ṣílẹ̀kùn fún un lóru, ọwọ́ tó gbé àwo oúnjẹ wá. Nínú fíìmù, o lè yí ọjọ́ padà, o lè yí ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ padà, o lè kó ìrọ̀lẹ́ mẹ́wàá pọ̀ sínú ẹyọ kan. Ọwọ́ yẹn ni o kò gbọdọ̀ yí. Ẹni tó ṣe é ni kó ṣe é nínú fíìmù. Ohun tí bàbá ò sì ṣe, má ṣe é mọ́ wọn lọ́rùn.

Fíìmù tó mú ọ sunkún yẹn ni ká fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé àwọn tó ṣe é yí nǹkan padà níbì kan, wọ́n sì kọ̀ láti yí i níbòmíràn. Ọdún 2002 ló jáde, Roman Polanski ló darí rẹ̀, ìwé tí Władysław Szpilman, ọkùnrin inú fíìmù náà, fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni wọ́n sì gbé e kà. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes ní ilẹ̀ Faransé, ó tún gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar mẹ́ta ní 2003. Polanski fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Júù tó la ogun kan náà já ní kékeré ní ìlú Kraków. Auschwitz, àgọ́ tí àwọn ará Jámánì ti ń pa àwọn Júù, ni wọ́n pa ìyá rẹ̀ sí. Ẹni tó mọ bí ebi ogun ṣe ń rí ló wà lẹ́yìn kámẹ́rà.

Szpilman ń ta dùùrù ní iléeṣẹ́ rédíò Pólàǹdì ní ìlú Warsaw. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1939, orin tí Chopin, ọmọ Pólàǹdì, kọ ló ń ta lórí afẹ́fẹ́ nígbà tí àdó olóró àwọn ará Jámánì ń já lu ìlú, rédíò náà sì dákẹ́. Àwọn Júù tó wà ní Warsaw nígbà náà lé ní 350,000. Wọ́n kó wọn jọ sí apá kan ìlú, wọ́n mọ ògiri yí wọn ká. Ní oṣù Kẹjọ 1942, wọ́n kó bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ mẹ́ta sínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Treblinka, ibi tí wọ́n ti ń fi gáàsì pa èèyàn. Òun náà wà lórí ìlà. Ọlọ́pàá kan, Júù bíi tirẹ̀, ló fà á jáde. Ọwọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní 1943 ó kúrò nínú ògiri, àwọn òṣèré méjì tó jẹ́ tọkọtaya, Andrzej Bogucki àti Janina Godlewska, wà lára àwọn tó fi í pamọ́. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó yẹ kó máa gbóúnjẹ wá fún un bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ rẹ̀ gbowó lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó sì fi ebi sílẹ̀ fún un. Fíìmù náà ò bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ọwọ́ burúkú náà wà nínú ìtàn.

Wàyí o, rántí ìran tó wà lápá ìparí. Oṣù Kọkànlá 1944 ni. Ìlú ti di àlàpà. Szpilman wà nínú ilé kan tó ti tú, irùngbọ̀n ti bò ó lójú, ó rí agolo kùkúḿbà kan, kò sì ní ohun tó máa fi ṣí i. Ó mú irin ìdáná, ó ń lù ú. Agolo náà bọ́, ó ń yí gbirigbiri lọ nílẹ̀ pákó, omi inú rẹ̀ ń dà sílẹ̀, ó sì dúró níwájú bàtà ṣọ́jà Jámánì kan. Ọ̀gá ológun náà bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ní dùùrù ni òun ń ta tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá náà ní kó wá ta á. Ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí, tí ó ti lé lọ́dún méjì tó ti fọwọ́ kan dùùrù gbẹ̀yìn, jókòó. Ìka rẹ̀ kọ́kọ́ ń bẹ̀rù.

Orin tó ta nínú fíìmù ni Ballade àkọ́kọ́ ti Chopin. Nínú ìwé tí Szpilman kọ, Nocturne kan ni ó ta, èyí tó kúrú, tó rọra ń lọ, èyí kan náà tí fíìmù fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yí i padà. Ṣé irọ́ ni? Lójú tèmi, kì í ṣe irọ́. Ballade yẹn bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ọ̀nà nínú òkùnkùn, lẹ́yìn náà ló wá ya bí odò tó fọ́ ìdè. Àwa tí a jókòó níwájú sinimá rí ohun tí ebi àti ìbẹ̀rù ti sé mọ́ inú rẹ̀ láti ọdún yìí wá. Orin yí, ṣùgbọ́n ẹni tó ta á ò yí, ẹni tó gbọ́ ọ ò yí, ẹni tó lọ gbé oúnjẹ wá lẹ́yìn rẹ̀ ò yí. Nígbà tí ọ̀gá ológun náà padà wá, ó ju ìdì kan sí i. Búrẹ́dì ló wà nínú rẹ̀, jáàmù, àti irin tí a fi ń ṣí agolo. Wo irin yẹn dáadáa, ọmọ mi. Ẹnikẹ́ni lè fún aláìní ní búrẹ́dì. Ẹni tó rántí mú irin ìṣígolo wá ti fojú rí ìyà onítọ̀hún. Nígbà tó ń lọ, ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ fún un, ẹ̀wù náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, torí pé nígbà tí àwọn tó wá gba ìlú dé ní oṣù Kìíní 1945, wọ́n rò pé ará Jámánì ni, wọ́n yìnbọn sí i. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó wọ ẹ̀wù yẹn. Ó ní òtútù ń mú òun.

Wilm Hosenfeld ni ọ̀gá ológun náà. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí o fi han àbúrò bàbá rẹ. Nígbà tí ìwé Szpilman kọ́kọ́ jáde ní 1946, ìjọba tó ń bọ̀ lórí oyè ní Pólàǹdì ò fẹ́ gbọ́ pé ará Jámánì ṣoore. Inú ìwé náà, wọ́n sọ Hosenfeld di ará Ọ́stríà. Ohun gbogbo tó kù wà níbẹ̀, búrẹ́dì wà, dùùrù wà, ẹ̀wù wà, wọ́n kàn yí ọwọ́ tó gbé e wá padà. Láàárín àkókò yẹn, Hosenfeld wà lẹ́wọ̀n lọ́wọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà. Szpilman sapá láti gbà á sílẹ̀, kò ṣeé ṣe, inú ẹ̀wọ̀n náà ló kú sí ní 1952. Ó di 2008 kí Yad Vashem, iléeṣẹ́ ìrántí àwọn Júù tí wọ́n pa nígbà ogun, ní Jerúsálẹ́mù, tó ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí kì í ṣe Júù tó gba Júù là. Àyípadà méjì ni mo fi hàn ọ́ yìí. Ọ̀kan fi orin kan rọ́pò òmíràn, ìtàn náà sì tún ṣe kedere sí i. Èkejì fi èèyàn kan rọ́pò òmíràn, ó sì gba ẹ̀tọ́ ẹni tó wà lẹ́wọ̀n. Ibẹ̀ ni àfikún ti ń di irọ́.

Ká bọ̀ sílé wàyí, kí ẹnì kan má wí pé ìtàn òyìnbó ni mò ń sọ.

Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà lé ní 90,000. Dífíṣọ̀n méjì, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì, ni wọ́n dá sílẹ̀, 81 àti 82. Bí bàbá rẹ àgbà bá ní fọ́tò, wo èjìká aṣọ wọn: aláǹtakùn dúdú ni àmì dífíṣọ̀n 81, ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká alárùú kọjá ni ti 82. Èyí á sọ ibi tí wọ́n ti jà fún ọ láìjẹ́ pé o béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Dífíṣọ̀n 81 ló wọ àfonífojì odò Kaladan ní Arakan, apá kan ilẹ̀ Bọ́mà, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944. Òkè lórí òkè ni, ọparun àti igbó kìjikìji, kò sọ́nà. Wọ́n fi ọkọ́ àti àdá la ọ̀nà tó tó máìlì 75 kí ọkọ̀ jíìpù tó rí ibi gbà wọlé, ibi tí ọ̀nà pin sí, orí èèyàn ló ń gba ẹrù. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń já oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Àwọn bíi bàbá rẹ àgbà ló ń ru ú láti ibi tó bá balẹ̀ sí dé ibi tí àwọn tó ń yìnbọn wà. Láìsí òṣùká bàbá rẹ àgbà, ìbọn àwọn yòókù á ṣófo.

Nítorí náà, nígbà tí àbúrò bàbá rẹ bá ní ẹrù lásán ni bàbá òun rù, jẹ́ kó mọ̀ pé inú ẹrù náà ni ogun wà. Bí èmi ni mò ń kọ ìwé eré yìí, òṣùká ni mo máa fi ṣí i. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń ká àkísà roboto, tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó ń tú u, tó ń tún un ká. Kò sí ẹni tí kò mọ òṣùká ní Ṣágámù, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń ru agbọ̀n obì. Wọ́n á mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá ọrùn yẹn kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan sì wà tí ìtàn rẹ̀ jọ ti bàbá rẹ àgbà. Isaac Fadoyebo ni orúkọ rẹ̀, ará Emùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942, ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n sì fi í sí. Ní oṣù Kẹta 1944, létí odò Kaladan, àwọn ará Jàpáànù já lù wọ́n. Ọta fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún bà á nínú. Òun àti ará Sàró kan, David Kargbo, ló kù nínú igbó náà. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló ń gbé oúnjẹ fún wọn, tó sì gbà wọ́n sínú ilé rẹ̀, títí ogun fi yí padà ní òpin ọdún náà. Bí àwọn ará Jàpáànù bá mọ̀, ọkùnrin yẹn àti ìyàwó àtọmọ rẹ̀ ni wọn ìbá pa. Fadoyebo padà wálé, ó ń fẹsẹ̀ kan tiro, ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2011, akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú, àmọ́ wọ́n rí àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ka lẹ́tà náà sí wọn létí. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin lẹ́yìn oore náà ni. Fadoyebo kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀, tó fi ìyókù agbára rẹ̀ wá ẹni tó fún un lóúnjẹ, ti sọ fún ọ irú fíìmù tó yẹ kó wà nípa ogun yẹn.

Mo ṣèlérí pé n ó sọ ti ara mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìdílé kan ní apá Ìjẹ̀bú-Igbó ní kí n kọ ìtàn bàbá wọn, ẹni tó ṣe alásè fún àwọn ṣọ́jà nígbà ogun abẹ́lé wa. Bàbá ti kú, ìyàwó wọn ṣì wà láyé. Mo wo ìtàn náà, mo ní kò gbóná tó. Mo kọ ìran kan tí alásè gbé ìbọn òkú, ó yìn ín, ó pa mẹ́ta, ó gba àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ là. Àwọn ọmọ yọ̀, wọ́n ní bàbá àwọn nìyẹn. Lọ́jọ́ tí a fi fíìmù náà han ìdílé ní àgbàlá, èrò ń pàtẹ́wọ́. Mo wo ìyá àgbà. Wọn ò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àwọn èèyàn tú ká, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n rọra bi mí pé: "Ọkọ mi ló pa èèyàn mẹ́ta yẹn? Ogójì ọdún ni mo fi bá a gbé, kò sọ fún mi." Mo ní èmi ni mo fi kún un, mà. Wọ́n wò mí, mo sì rí i lójú wọn pé wọn ò gbà mí gbọ́ tán. Wọ́n rò pé mo ń tù wọ́n nínú ni. Láti ọjọ́ yẹn títí wọ́n fi kú, ó ku ohun kan nínú ọkọ wọn tí wọn ò mọ̀ mọ́, kò sì sí ọkọ láyé tí wọn ì bá bi léèrè. Èmi ni mo fi síbẹ̀. N kì í gbàgbé rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí o má fi ìbọn sí bàbá àgbà lọ́wọ́.

Ní ti pé ọmọ Rẹ́mọ kì í ṣojo, sọ fún àbúrò bàbá rẹ pé gbogbo wa la mọ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú tó dojú kọ ìbọn Maxim àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Ìmàgbọn ní 1892 ò bẹ̀ wá ká fi irọ́ gbé wọn ga. Ẹ̀rù tó sì ń bà á pé kò sẹ́ni tó máa wò ó, má fi ṣẹ̀sín, torí owó rẹ̀ ni. Dá a lóhùn pẹ̀lú ìran kan. Bàbá wà nínú àká, ibà ń gbọ̀n wọ́n, ikọ́ ń gbé wọn, wọ́n fi aṣọ dí ẹnu ara wọn. Lẹ́yìn ògiri ọparun, obìnrin náà ń gún ìrẹsì nínú odó tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, gbì, gbì, gbì. Ìró bàtà kan kọjá lójú ọ̀nà. Odó náà dákẹ́. A ò rí ẹnikẹ́ni. Bàbá nìkan la rí, àti ihò kékeré kan tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé. Lẹ́yìn náà odó tún bẹ̀rẹ̀. Ka ìran yẹn fún un, kó sọ fún ọ bóyá ó rí ara gbà láti wo fóònù rẹ̀. N ò ní kí o dá ṣọ́jà Jàpáànù sílẹ̀ tí kò bá sí nínú kásẹ́ẹ̀tì o. Ẹni tó fara pamọ́, gbogbo ẹsẹ̀ tó bá kọjá ni ọ̀tá lójú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ darandaran.

Èyí mú mi rántí ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú fíìmù Polanski. Ní oṣù Kẹrin 1943, àwọn Júù tó kù nínú ògiri Warsaw gbé ìbọn, wọ́n bá àwọn ará Jámánì jà. Ogun ńlá ni, olùdarí mìíràn ìbá gbé kámẹ́rà rẹ̀ sáàárín iná. Polanski ò jẹ́ kí kámẹ́rà kúrò lójú fèrèsé yàrá tí Szpilman fara pamọ́ sí. Ohun tó rí láti òkè ni àwa náà rí: èéfín, àwọn èèyàn tó ń já bọ́ láti ojú fèrèsé, kékeré, jìnnà. Kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́, àwa náà ò lè ṣe nǹkan kan. Lo ọgbọ́n yẹn. Ohun tí bàbá ò rí, kí kámẹ́rà má rí i. Ọkọ̀ òfuurufú tó ń já ìrẹsì sílẹ̀, jẹ́ ká gbọ́ ìró rẹ̀ lórí igi, kí aṣọ funfun tí wọ́n fi sọ ẹrù kalẹ̀ wá so kọ́ ẹ̀ka. Ọjọ́ tí ibà dá wọn wó tí wọn ò mọ ohun tó ń lọ, jẹ́ kí ojú fíìmù ṣú, kó là, kó jẹ́ pé obìnrin náà ti wà níbẹ̀. Má gbìyànjú láti ṣàlàyé bó ṣe rí wọn. Bàbá ò mọ̀. Ó tún dín owó kù, ìyẹn á dùn mọ́ àbúrò bàbá rẹ nínú.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Má jẹ́ kí bàbá sọ Yorùbá tí àwọn oníròyìn rédíò ń sọ. Èdè Rẹ́mọ tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ni kí òṣèré rẹ kọ́, bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an. Láàárín àwọn ṣọ́jà, Hausa ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ jù, torí pé ó ti pẹ́ tí ó ti jẹ́ èdè bárékè, kí bàbá máa kọsẹ̀ nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ní ti obìnrin náà, mo bẹ̀ ọ́, má kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ fíìmù. Bàbá ò gbọ́ ọ, kí àwa náà má gbọ́ ọ. Kó na àwo, kó sọ ohun kan, ká máa wo ojú rẹ̀ bí bàbá ṣe ń wò ó. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bá wá yé bàbá, bóyá "omi", bóyá "jẹun", inú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á dùn bíi tiwọn.

Nípa ibi tí ẹ ó ti ya á, ẹ ò nílò Bọ́mà. Igbó Ọmọ́ lápá J4 ní Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn ṣì ní igi tó ga, tí òòrùn kì í dé abẹ́ rẹ̀, ọparun sì pọ̀ lẹ́bàá omi wa. Kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó ìjọba kí ẹ tó wọ ibẹ̀. Ní ti ìgbà tí bàbá padà wálé ní 1946, ẹ má kọ́ ìlú fún un. Nígbà yẹn, Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀sọ̀sà tiwa, ẹni tó jẹ́ ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀, ti ń gbé eré rẹ̀ kiri. Fìtílà kan, orin àti àtẹ́wọ́ èrò lẹ́yìn ògiri, bàbá dúró síta nínú òkùnkùn, wọn ò wọlé. Ó tó.

Òṣèré rẹ á béèrè bóyá kí òun febi pa ara òun. Adrien Brody fi nǹkan bíi kílò mẹ́rìnlá sílẹ̀ nínú ara rẹ̀, wọ́n sì ti ẹ̀yìn ya fíìmù náà wá síwájú, ìgbà tó gbẹ jù ni wọ́n kọ́kọ́ yà.  Ẹ̀yin ò ní dókítà tó máa mójú tó òṣèré yín. Aṣọ tó tóbi jù ú lọ àti ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ á ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ yíya ìkẹyìn ṣáájú dára, kí irùn àti irùngbọ̀n lè jẹ́ tirẹ̀.

Kí gbogbo ọmọ bàbá tó kù láyé fọwọ́ síwèé pé àwọn gbà kí ẹ lo ohùn wọn, tọkùnrin tobìnrin, títí dé èyí tó wà lókè òkun. Mo ti rí fíìmù tó parí, tí ẹ̀gbọ́n obìnrin kan dá dúró nítorí pé ẹnikẹ́ni ò bi í.

Ó wá ku kásẹ́ẹ̀tì. Má tún fi èyíkéyìí sínú rédíò títí o fi gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ bí a ti ń gbé ohùn láti orí kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà, torí téèpù àtijọ́ lè já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí o bá gbá a. Bí ó bá ti wà nínú kọ̀ǹpútà, jókòó tì í lẹ́ẹ̀mẹta. Lákọ̀ọ́kọ́, má kọ nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kejì, kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wí i, pẹ̀lú ikọ́, pẹ̀lú àkùkọ tó bá kọ lẹ́yìn wọn. Lẹ́ẹ̀kẹta, kọ kìkì ibi tí wọ́n ti dákẹ́ sílẹ̀, àti bó ṣe pẹ́ tó. Ibẹ̀ ni ìran rẹ wà.

Lẹ́yìn náà, mú kásẹ́ẹ̀tì kẹrin. Gé ìṣẹ́jú tí orúkọ obìnrin náà wà lọ́tọ̀. Wá ẹni tó gbọ́ èdè àwọn ará Arakan, tàbí èdè Bẹ̀ǹgálì tí èdè àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ fara jọ, bóyá láàárín àwọn ará Íńdíà àti Bangladesh tó ń ṣòwò ní Èkó, fi í sí wọn létí, kí wọ́n pe orúkọ náà fún ọ bó ṣe yẹ. Bàbá fi ahọ́n Rẹ́mọ pè é, ó ti ní láti yí díẹ̀ lẹ́nu wọn. Gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tí wọn ò jọ sí níbì kan náà. Ìgbà tí ẹnu wọn bá kò, kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé eré rẹ, lókè, kí o tó kọ orúkọ bàbá. Ìgbà náà ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi. N ó bá ọ ka ìyókù.